Ẹni Tí Ó Ru Ẹ̀bi Ṣọlápé

Ṣọlápé kì í mu ọtí. Kò jalè rí. Kò sí ẹni tí ó lè dúró ní gbangba kí ó sọ pé òun bá a níbi tí kò yẹ kí aya ilé wà. Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, yóò wọ aṣọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, yóò pọn ọmọ rẹ̀, yóò sì lọ jókòó sí ìlà iwájú nínú ìjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un nígbà náà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, ẹ̀rín ni ìbá fi onítọ̀hún rín.

Mo tètè sọ èyí fún ọ, ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, kí o má baà rò pé ìtàn ọ̀mùtí tàbí ti adigunjalè ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń yìn ni.

Ekurede-Urhobo ni Ṣọlápé ń gbé ní ìlú Warri, nínú ilé gbọọrọ kan tí yàrá dojú kọ yàrá. Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Warri ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀, Adéfọláhàn, ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Ekpan. Òun fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní ojú ọ̀nà Warri sí Sapele, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń ti Effurun wá bá a. Ohun tí ó fi ń yangàn ni pé òun kì í yẹ àdéhùn. Ọjọ́ tí ó bá dá fún ọ ni wàá gba aṣọ rẹ.

Ó pẹ́ kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó bímọ. Nígbà tí ọmọ náà dé, obìnrin ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìníolúwa. Ọmọ aláriwo ni. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Pidgin ni ó fi ń dáhùn, bíi gbogbo ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ní àdúgbò náà. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é pé kí ó wá jẹun, yóò fi ọwọ́ lé ìbàdí, yóò ní, "I no dey hungry. I don chop for Iye side."

Ìyé tí ó ń wí ni màmá àgbàlagbà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Opó ni, ẹja gbígbẹ ni ó sì ń tà. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Abigail, orúkọ ọmọ rẹ̀ tí ó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n Ìyé, bí àwọn Ìlàjẹ ti máa ń pe ìyá, ni gbogbo ilé mọ̀ ọ́n sí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu Ìníolúwa ni ó ti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ìyé ni ó ń wà bí ìyá rẹ̀ bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyé ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń di irun rẹ̀. Bí oorun bá ń kun ọmọ náà lọ́sàn-án, Ìyé yóò tẹ́ ẹ sí orí ẹsẹ̀, yóò máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, yóò sì máa kọ orin Ìlàjẹ kan tí kò sí ẹlòmíràn tí ó gbọ́ ọ nínú ilé náà àfi àwọn méjèèjì.

Ní ọdún kan, bí àjọ̀dún Àjíǹde ti ń sún mọ́lé, ìjọ kan ní Ekpan gbé aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wọn fún Ṣọlápé pé kí ó rán. Aṣọ náà pọ̀, àkókò sì kéré. Ó ṣèlérí fún wọn pé Ọjọ́ Ẹtì Rere kò ní kọjá kí wọ́n tó gbà á. Láti ìgbà náà, kò sinmi mọ́. Ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí yóò ti jáde nílé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún náà, ara Ìníolúwa gbóná nígbà tí ó jí. Ṣọlápé fún un ní oògùn ibà, ó gbé e lé Ìyé lọ́wọ́, ó sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ rárá tí Ìyé fi pọn ọmọ náà wá bá a níbẹ̀.

"Ìyá Ìní, ara ọmọ yìí kò yá o," ni Ìyé wí. "Ó ti bì, kò sì fẹ́ ṣeré. Jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

Ṣọlápé kò dìde nídìí ẹ̀rọ. "Ìyé, ibà lásán ni. Mo ti fún un lóògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi tútù nù ún lára. Ẹ wò ó, iṣẹ́ Ọlọ́run ni mò ń ṣe yìí, Ọlọ́run náà á bá mi wo ọmọ mi."

Ìyé lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, ó tún padà wá. Ní àkókò yìí, ọmọ náà kò sunkún mọ́, ìyẹn gan-an ni ó sì dẹ́rù ba màmá náà. Ó sún mọ́ Ṣọlápé, ó sì fi ohùn ìlú rẹ̀ pè é bí ẹni tí ń pe ọmọ tí ó bí.

"Ọma mi, mo bẹ̀ ọ́, fi aṣọ yìí sílẹ̀ ná. Bí o kò bá lè lọ, gbà kí èmi gbé e lọ."

Àwọn oníbàárà wà níjòókòó. Ojú ti Ṣọlápé pé wọ́n ń kọ́ òun bí a ti í tọ́jú ọmọ níṣojú wọn. Ó gbé orí sókè, ó sì jágbe mọ́ màmá náà.

"Ìyé, ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi bí i ni? Ẹ yé kó mi láyà sókè. Tí mo bá ṣe tán níbí, èmi fúnra mi á gbé e lọ!"

Màmá náà so ọ̀já mọ́ ọmọ náà lára dáadáa, ó sì gbé e padà sílé.

Nígbà tí Ṣọlápé yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òjò ti ń rọ̀. Ó bá gìrì lára ọmọ rẹ̀ nílé. Ó já a gbà lọ́wọ́ Ìyé, àwọn méjèèjì sì sáré wọ kẹ̀kẹ́ tí ó ń kọjá lọ. Omi ti kún ojú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ náà fi kú sínú àgbàrá. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi tí ó dé orúnkún, Ìyé sì tú ìró ìlékè rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà kí òjò má baà pa á.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì tí ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ wọn kò pẹ́ nínú yàrá. Nígbà tí ó jáde, ó kàn gbá Ṣọlápé mú ni.

Ìníolúwa ti lọ.

Mi ò ní àwọn ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti rí. Adéfọláhàn dé láti Ekpan pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Bàtà ọmọ rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ọmọ náà bọ́ ọ sí, ó rí i, ó sì jókòó tì í sórí sìmẹ́ńtì. Kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ náà, àwọn ará ilé pé jọ sí ojúde láti bá wọn kẹ́dùn. Mama Sharon, obìnrin Urhobo tí ó ń gbé ní yàrá ìta, ni ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Na who dey with this pikin that day since morning? Na who give am food?"

Adéfọláhàn yíjú sí aya rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Ṣọlápé, kí ló ṣe ọmọ mi? Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni tó rí i látàárọ̀ ọjọ́ náà pé ara ọmọ kò yá ni?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu Ṣọlápé. Ó mọ̀ ọ́n. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Ìyé tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ògiri, tí ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu màmá náà, gbogbo ènìyàn ìbá mọ ẹni tí ó kọ̀ láti gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀rù ba Ṣọlápé. Ó na ìka.

"Ẹ bi Ìyé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ mi wà. Òun ló fún un lóúnjẹ. Ọmọ tiẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì fẹ́ kí tèmi yè!"

Ẹnì kan pariwo pé àjẹ́ ni, "Winch!" Kí Ṣọlápé tó mọ̀, àwọn ènìyàn ti dìde. Wọ́n da agbọ̀n ẹja Ìyé sínú gọ́tà. Wọ́n wọ́ ọ láti ẹnu yàrá rẹ̀ dé ojú títì, wọ́n gbá a létí, wọ́n fa gèlè rẹ̀ já. Adéfọláhàn kò fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí wọ́n má ṣe é.

Ìyé kò wí àwíjàre kankan. Kò wí pé, "Mo wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù." Kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́rìí nínú àwọn oníbàárà. Ní bèbè títì ni ó ti di ọwọ́ Mama Sharon mú, tí ó sì bẹ̀ ẹ́ pé, "Abeg, make una no leave Mama Ini alone. Make person dey with am."

Mama Sharon já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ìyé sì lọ, ó ń tiro nínú ẹrẹ̀.

Bí o bá rò pé ara tu Ṣọlápé lẹ́yìn èyí, o ṣìnà. Ẹlòmíràn ni ó parí aṣọ akọrin náà. Ní ọjọ́ Àjíǹde, Ṣọlápé jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́ bí àwọn ìjọ àdúgbò ti ń kọrin ìṣẹ́gun, ó sì fi ìrọ̀rí di etí.

Nígbà tí ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ náà bá ti dún, á dà bíi pé ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn oníbàárà ń gba aṣọ wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀, yóò pọn omi, yóò dáná, yóò gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yóò jẹ ẹ́, yóò sì lọ sí Ekpan. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lójúmọ́ kò ju ìkíni lọ. Kò sì sí ẹni tí ó ń pè é ní Ìyá Ìní mọ́.

Ó lọ sí ilé àdúrà kan, ó lọ sí òmíràn. Wọ́n fún un ní òróró, wọ́n ní kí ó gbààwẹ̀, wọ́n ní ẹ̀mí ìyá àgbà kan ṣì ń lépa rẹ̀. Ó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, tàbí kí n sọ pé ó fẹ́ gbà á gbọ́, nítorí gbogbo ìran tí wọ́n rí ń ti irọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kúnlẹ̀ ní òun nìkan, tí ó sì ya ẹnu láti pe Ọlọ́run, ahọ́n rẹ̀ á gan. Ó mọ̀ pé Ọlọ́run wà ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Báyìí ni ọdún yí po.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní Obadiah ni orúkọ òun, awakọ̀ ojú omi ni òun, àti pé òun ń gbé ní abúlé àwọn Ìlàjẹ létí odò.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ìyá Abigail ní kí n wá pè yín. Ara rẹ̀ kò yá. A kò rò pé yóò dìde mọ́."

Ṣọlápé fà sẹ́yìn. Ó rò pé màmá náà fẹ́ gégùn-ún fún òun kí ó tó kú. Ó ní òun kò lè wá. Ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó tún dúró.

"Kí ló sọ fún yín nípa mi?"

Ó ya Obadiah lẹ́nu. "Kò sọ nǹkan kan, mà. Láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa ló ti ń sọ pé kí ìjọ máa bá òun gbàdúrà fún ọmọbìnrin òun kan tí ọmọ rẹ̀ kú. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi là ń gbàdúrà náà. Àná ló tó sọ pé ẹ̀yin ni."

Ṣọlápé di férémù ilẹ̀kùn mú. Lẹ́yìn náà ó mú ìborùn rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ gbé wọn gba ojú omi dé ibi tí àwọn ilé pákó dúró lórí òpó. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni Ìyé dùbúlẹ̀ sí lórí ẹní. Ó ti rù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Nígbà tí ó rí ẹni tí ó wọlé, ó gbìyànjú láti jókòó.

"Ìyá Ìní," ó wí. "O wá."

Bí Ṣọlápé ti gbọ́ orúkọ náà, ó wó lulẹ̀ síbi ẹsẹ̀ màmá náà.

"Ìyé, kí ló dé tí ẹ kò sọ? Ẹ mọ̀ ọ́n! Ẹ wá bá mi, mo lé yín. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wọn?"

Ìyé dáhùn díẹ̀díẹ̀, nítorí èémí rẹ̀ kò tó.

"Mo wo ojú rẹ lọ́jọ́ náà. Mo rí i pé bí mo bá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, wàá lọ pa ara rẹ. Mo ní, èmi ti dàgbà, jẹ́ kí n ṣì bá a gbé ẹ̀bi náà."

"Wọ́n nà yín, Ìyé."

"Wọ́n nà mí. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Mo sunkún gan-an. Mo bi Jésù pé ṣé kò rí mi ni. Mo wá rántí pé wọ́n fẹ̀sùn èké kan òun náà, òun náà kò sì fèsì."

Omi ń gbá òpó ilé náà nísàlẹ̀ wọn.

"Ṣé o mọ ohun tó pa Abigail mi? Omi ni. Mò ń jà pẹ̀lú obìnrin kan nítorí ẹja, mo fi ọmọ sílẹ̀ létí ọkọ̀. Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń sọ pé ọkọ mi ló fà á, títí ọkùnrin náà fi kú pẹ̀lú ìbànújẹ́. Kì í ṣe òun. Èmi ni. Ọjọ́ tí mo sọ òtítọ́ fún Jésù ló tó gba ẹ̀bi náà lórí mi. Mo ṣì ń sunkún Abigail o. Àmọ́ mi ò dá nìkan sunkún ún mọ́."

Ìyé gbé ọwọ́ lé Ṣọlápé lórí.

"Ọma mi, mo kàn bá ọ gbé ẹrù yìí fún ìgbà díẹ̀ ni. Èmi kò lè mú un kúrò. Ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú nítorí rẹ̀ nìkan ló lè mú un kúrò. Mò ń lọ. Ta lo máa gbé e fún?"

Níbẹ̀, lórí pákó náà, ni Ṣọlápé ti gbàdúrà fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan. Kò lo èdè àdúrà tí ó ti mọ̀ láti ìjókòó iwájú. Ó ní, "Jésù, èmi ni. Kì í ṣe Ìyé. Wọ́n gbé ọmọ mi wá bá mi, mo ní aṣọ ni mò ń rán. Mo tún parọ́ mọ́ ìyá tí ó gbé e wá. Èmi ni. Ṣàánú mi. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè lọ."

Kò rí ìran kankan. Ọmọ rẹ̀ kò jí dìde. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ tú. Ó sunkún Ìníolúwa níbẹ̀ tọkàntọkàn, kò sì sí ohun kankan tí ó tún ń fi pamọ́ nínú ẹkún náà. Ó mọ̀, bí ènìyàn ti í mọ̀ pé ẹlòmíràn wà nínú yàrá, pé ẹnì kan gbọ́ òun, kò sì lé òun.

Nígbà tí ó dìde, ó ní òun ń lọ sọ fún ọkọ òun àti àwọn ará ilé.

"Mi ò ní kí o ṣe é nítorí mi," ni Ìyé wí.

"Mo mọ̀, Ìyé. Ṣùgbọ́n n kò lè bá irọ́ náà sùn mọ́."

Ó bá Adéfọláhàn nílé, ó ń tún fáànù ṣe. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó parí, ọkùnrin náà rọra gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù?"

"Ó wá, Bàbá Ìní."

"Ó pọn ọmọ mi wá bá ọ?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Adéfọláhàn dìde, ó dojú kọ ògiri, ó fi iwájú orí tì í. Ohùn kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tí Ṣọlápé kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó sì gba ìta lọ. Ṣọlápé rò pé ó ti lọ nìyẹn.

Síbẹ̀ ó jáde sí ojúde. Ó pe àwọn ará ilé, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Pidgin kí gbogbo wọn lè gbọ́. Àwọn kan bú u. Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mama Sharon kò bú u. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "With this my hand," ó ń wí. "With this my hand I beat that mama."

Ó pẹ́ kí Adéfọláhàn tó padà. Kò wo ojú aya rẹ̀. Ó kàn béèrè pé, "Níbo ni Ìyé wà?"

Obadiah tún fi ọkọ̀ gbé wọn lọ. Adéfọláhàn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí pákó ilé náà, kò sì dìde títí Ìyé fi fọwọ́ kan orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Ìyé padà dé èbúté, Adéfọláhàn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé màmá náà pọ̀n bí ọmọ, ó sì gun òkè èbúté lọ sí ojú títì.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá tiwọn. Dókítà wò ó, ó ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ jù. Ṣọlápé ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ṣíbí fún un lómi ẹ̀kọ, ó ń ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i létí. Àwọn ará ilé ń yọ́ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti tọrọ àforíjì. Ó ń dárí jì wọ́n, a sì máa bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí Ṣọlápé ti ń fi òróró pa ẹsẹ̀ rẹ̀, Ìyé pè é. Ṣọlápé dá a lóhùn. Nígbà tí Ṣọlápé gbójú sókè, màmá náà ti lọ bá Olúwa rẹ̀.

Mi ò ní tàn ọ́ pé ohun gbogbo dùn láti ọjọ́ náà. Ó pẹ́ kí Adéfọláhàn tó lè jẹ oúnjẹ aya rẹ̀ láìsí pé ó dá a dúró láàárín. Àwọn ọjọ́ kan wà tí yóò jáde nílé nítorí pé kò lè wò ó lójú. Ṣọlápé kò bínú. Ó ń gbàdúrà, ó ń ránṣọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dúró. Ọdún kan kọjá kí ọkùnrin náà tó tẹ̀ lé e lọ sí ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí. Bí wọ́n ti ń gbàdúrà, ó wá ọwọ́ aya rẹ̀, ó sì dì í mú. Àwọn méjèèjì ń sunkún. Wọn kò tíì bí ọmọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹkún tí ènìyàn ń sun níwájú ilẹ̀kùn títì, àti èyí tí ó ń sun ní àyà Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé Ọlọ́run pa ọmọ Ṣọlápé kí ó lè gba ọkàn rẹ̀. Jésù sunkún níbi ibojì, ó mọ ohun tí ikú ń fi ojú wa rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé, nínú ibi tí ó burú jù ní ayé obìnrin yìí, ibi tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé, ibẹ̀ gan-an ni Olùgbàlà ti ń dúró dè é.

Ìwọ ńkọ́? Ta ni ìwọ ti na ìka sí kí ojú má baà kúrò lára ẹlòmíràn wá sára rẹ? Ó lè jẹ́ ọkọ rẹ, tàbí ìyá ọkọ rẹ. Ó lè jẹ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni o ń dá lẹ́bi, tí o ti bá a yan odì láti ọjọ́ tí o ti sin ẹni tí o fẹ́ràn. Tàbí kẹ̀, ìyà lásán ni ó ń jẹ ọ́: àìsàn tí kò lọ, ilé tí kò gbóná mọ́, iṣẹ́ tí kò lọ déédéé, o sì rò pé kò sí ẹni tí ó mọ̀.

Ìjókòó iwájú nínú ìjọ kò lè gbà ọ́. Òróró kò lè wẹ ẹ̀rí ọkàn rẹ mọ́. Ènìyàn rere kan lè ru ẹ̀bi rẹ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà yóò kú. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ru ú dé orí igi, tí ó kú, tí ó sì jí dìde, tí kò ní kú mọ́.

Má ṣe sọ pé, "Tí mo bá ṣe tán níbí." Ọ̀rọ̀ tí Ṣọlápé sọ nìyẹn.

Bí o bá wà ní ojú iṣẹ́, dúró díẹ̀. Bí o bá wà nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tí ó nílò láti gbọ́ ọ. Sọ òtítọ́ fún Jésù ní èdè tí ó bá wá sí ọ lẹ́nu. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀, sunkún. Yóò gbọ́ ọ, kò sì ní lé ọ.